Bí A Ṣe Ń Ka Ìkékúrú Inú Àbójútó Iṣẹ́ Àkànṣe Láìṣi Ọ̀rọ̀ Gbọ́

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe lè gba ìjábọ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “SPI 0.8, CPI 0.83, EAC 1,200, RAG amber, CR ń dúró de CCB.” Ẹni tó kọ ọ́ kò fi ohunkóhun pamọ́, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ nílò láti mọ̀ wà níbẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ìlù náà yóò kàn máa mi orí ni, yóò sì kúrò ní ibi ìpàdé láìmọ̀ pé iṣẹ́ tí òun wà nínú rẹ̀ ti ń falẹ̀, owó rẹ̀ sì ti ń tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, a ó sì padà sí ìlà náà kí a tó parí.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà kọ́ àwọn ìkékúrú yìí ni pé wọ́n á wá àkójọ kan tó lọ láti A dé Z, wọ́n á sì máa há a sórí. Ọ̀nà náà kò dára, nítorí pé EAC àti EF wà nítòsí ara wọn nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ni ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́, àkókò sì ni ti èkejì. Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ bi ìkékúrú kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wo ni àwọn lẹ́tà náà dúró fún? Èkejì, kí ni ó ń sọ fún wa nípa iṣẹ́ náà: ta ni yóò ṣe é ni, kí ni a fẹ́ ṣe, ìgbà wo ni yóò parí, èló ni yóò ná wa, tàbí kí ló lè bà á jẹ́? Ẹ̀kẹta, bí ohun tí ó ń sọ bá yí padà lónìí, kí ni ẹnì kan yóò ṣe lọ́nà mìíràn lọ́la? Bí ẹ kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta yìí, ẹ kò tíì mọ ìkékúrú náà, bí ẹ tilẹ̀ lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ dúró fún láìkọsẹ̀.

Àwọn lẹ́tà tó ń tọ́ka sí ènìyàn

PM ni ẹ ó kọ́kọ́ pàdé, òun náà sì wà lára àwọn tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ó lè dúró fún ipò mẹ́ta. Project manager ni ẹni tó ń rí i pé iṣẹ́ tí a ti fẹnu kò lé lórí parí láàárín àkókò àti iye owó tí a dá fún un. Product manager ni ẹni tó ń pinnu ohun tó yẹ kí á ṣe àti ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Programme manager sì ni ẹni tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkànṣe tó so mọ́ ara wọn. Nínú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jókòó sídìí tábìlì kan náà. PMO, tí í ṣe Project Management Office, kì í ṣe ènìyàn rárá. Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ àkànṣe ni.

PO náà ní ojú méjì. Lẹ́nu àwọn tó ń lo Scrum, ìyẹn ọ̀nà kan tí ikọ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, product owner ni, ẹni tó ń pinnu ohun tó yẹ kí ikọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú owó, purchase order ni, ìyẹn ìwé tí a fi ń pàṣẹ ọjà. Mo ti jókòó rí nínú ìpàdé kan tí ẹnì kan ti ní “a ń dúró de PO,” tí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ sì gbà pé ènìyàn ni à ń dúró dè, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé ọjà ni kò tíì jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ kí ó tó yé gbogbo wa. SME rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: nínú iṣẹ́ àkànṣe, subject matter expert ni, ẹni tó mọ iṣẹ́ kan dé gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ní ilé ìfowópamọ́, àwọn ilé iṣẹ́ kékeré àti alábọ́ọ́dé ni wọ́n ń fi pè.

Kò sí ìkékúrú tó jẹ mọ́ ènìyàn tí mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kọ́ tó RACI. R ni Responsible, ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́. A ni Accountable, ẹni tí a ó pè wá dáhùn bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, tó sì ní àṣẹ láti sọ pé ó ti parí. C ni Consulted, ẹni tí a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí a tó ṣe é. I ni Informed, ẹni tí a kàn máa fi tó létí. Àwa tí à ń sọ Yorùbá ní láti ṣọ́ra níbí, nítorí pé bí a bá fẹ́ túmọ̀ R àti A, “ojúṣe” ni ó máa ń wá sí wa lẹ́nu fún méjèèjì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èmi máa ń ya wọ́n sọ́tọ̀ báyìí: R ni olùṣe, A ni olùdáhùn.

Láti lò ó, ẹ ya àtẹ kan, kí àwọn iṣẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí àwọn ènìyàn tàbí ipò wọn tò sí òkè, kí ẹ sì fi lẹ́tà kan sí ibi tí iṣẹ́ àti ènìyàn ti pàdé. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan. R lè ju ẹyọ kan lọ lórí ìlà kan, ṣùgbọ́n A kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan. Ìlà tó bá ní A méjì jẹ́ iṣẹ́ tí olúkúlùkù yóò máa fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Ìlà tí kò bá ní R jẹ́ iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Bí C bá sì kún ìlà kan, ẹ má retí pé iṣẹ́ náà yóò yára.

Ohun tí a fẹ́ ṣe àti ìgbà tí yóò parí

SOW, Statement of Work, ni ìwé tó sọ ohun tí a fẹ́ kí á ṣe, ibi tí ó mọ, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti parí. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń rí WBS, Work Breakdown Structure, tí ó dà bí igi tí a fi ń pín iṣẹ́ ńlá sí ẹ̀ka, tí a sì ń pín ẹ̀ka sí ẹ̀ka kéékèèké. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlànà fún àwọn iṣẹ́ ohun ìjà rẹ̀ ní 1968, nínú ìwé tí a mọ̀ sí MIL-STD-881, àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn sì ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin rẹ̀ kan wà tí kò yẹ kí á gbàgbé: ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 100% ohun tí ẹ̀ka náà dúró fún, kò gbọ́dọ̀ dín, kò sì gbọ́dọ̀ lé. Ẹ tún fi sọ́kàn pé WBS kò ní ọjọ́ nínú. Bí ẹnì kan bá fi àtẹ tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí hàn yín, tó sì pè é ní WBS, ètò àkókò ni ó ń fi hàn yín.

Ètò àkókò ni CPM àti PERT wà fún. Ìparí àwọn ọdún 1950 ni àwọn méjèèjì jáde, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: CPM, Critical Path Method, wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ DuPont àti Remington Rand, PERT, Program Evaluation and Review Technique, wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń ṣe ohun ìjà Polaris. Ohun tí CPM ń wá ni ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó gùn jù lọ nínú gbogbo ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó so mọ́ ara wọn, nítorí òun ni ó ń pinnu ọjọ́ tó yá jù lọ tí gbogbo rẹ̀ lè parí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin: ES, EF, LS àti LF. E ni Early, L ni Late, S ni Start, F ni Finish. Nítorí náà ES ni ọjọ́ tí iṣẹ́ náà lè tètè bẹ̀rẹ̀ jù, LS sì ni ọjọ́ tó lè pẹ́ bẹ̀rẹ̀ jù láìṣèpalára fún ọjọ́ ìparí. Ẹ yọ ES kúrò nínú LS: bí ó bá ku òdo, iṣẹ́ náà kò ní àyè ìdúró kankan, bí ó bá sì pẹ́ ní ọjọ́ kan, gbogbo iṣẹ́ àkànṣe náà yóò pẹ́ ní ọjọ́ kan.

Lẹ́tà S àti F yìí kan náà ni ẹ ó tún rí nínú FS, SS, FF àti SF, tó ń sọ bí iṣẹ́ méjì ṣe so mọ́ ara wọn, lẹ́tà àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ tó ṣáájú, èkejì fún èyí tó tẹ̀ lé e. FS ló wọ́pọ̀ jù: ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lọ́dà. SF ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi yẹ kí ẹ béèrè ìdí rẹ̀ bí ẹ bá rí i.

PERT ní tirẹ̀ wà fún iṣẹ́ tí a kò lè sọ iye ọjọ́ rẹ̀ ní pàtó. Ẹ béèrè iye ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà: O (Optimistic), bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, M (Most likely), bí ó ṣe máa ń rí jù, P (Pessimistic), bí nǹkan bá dojú rú. Ẹ sọ M di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ fi O àti P kún un, kí ẹ sì fi 6 pín àpapọ̀ rẹ̀. Bí O bá jẹ́ ọjọ́ 4, tí M jẹ́ 6, tí P sì jẹ́ 14, ìdáhùn yóò jẹ́ ọjọ́ 7, kì í ṣe 6 tí à bá ti kọ sílẹ̀ bí a bá tẹ̀ lé M nìkan.

Àwọn lẹ́tà owó

Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ bí a bá fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tẹ̀ lé e dé òpin. EVM, Earned Value Management, ni orúkọ gbogbo ọ̀nà ìṣirò náà. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé a fẹ́ kun yàrá 10 lọ́dà, yàrá kan ní ọ̀sẹ̀ kan, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì gba 100 nínú irú owó yòówù tí ẹ bá ń ná. Gbogbo owó tí a yà sọ́tọ̀ jẹ́ 1,000. Èyí ni BAC, Budget at Completion. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó yẹ kí á ti kun yàrá 5, nítorí náà PV, Planned Value, jẹ́ 500. Yàrá 4 péré ni a ti kùn ní tòótọ́, nítorí náà EV, Earned Value, jẹ́ 400. Owó tó ti jáde lápò jẹ́ 480. Èyí ni AC, Actual Cost.

Ẹ wo ohun tí ẹni tí kò mọ EV yóò ṣe. Yóò fi 480 tí a ti ná wé 500 tí a ṣètò láti ná, yóò sì kéde fún ìpàdé pé a ti tọ́jú 20. Irọ́ gbáà ni, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àyè fún ìkékúrú kan ṣoṣo pé kí ó mú EV: òun nìkan ló ń fi iye owó sọ iṣẹ́ tí a ti ṣe ní tòótọ́.

Gbogbo ìṣirò tó kù bẹ̀rẹ̀ láti ara EV. Ẹ yọ AC kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí CV, Cost Variance, tó jẹ́ −80. Ẹ yọ PV kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí SV, Schedule Variance, tó jẹ́ −100. Bí ẹ bá fi AC pín EV, CPI ni, Cost Performance Index, 0.83, bí ẹ bá fi PV pín EV, SPI ni, Schedule Performance Index, 0.8. Ohun tó bá ní C nínú ń lo AC, ohun tó bá ní S nínú ń lo PV, EV sì máa ń ṣáájú nígbà gbogbo. Bí CPI tàbí SPI bá kéré sí 1, nǹkan kò dára. Bí ó bá ju 1 lọ, a ń ṣe dáadáa ju bí a ṣe ṣètò lọ.

EAC, Estimate at Completion, ni iye tí gbogbo iṣẹ́ náà yóò ná wa nígbẹ̀yìn. Bí bí a ṣe ń náwó báyìí kò bá ní yí padà, ẹ fi CPI pín BAC, ẹ ó rí 1,200. Ṣùgbọ́n bí ohun tó fa àpọ̀jù ìnáwó náà bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ 600 tó kù yóò ná wa ní 600, a ó fi kún 480 tí a ti ná, EAC yóò sì jẹ́ 1,080. Iye méjì tó jìnnà síra wọn báyìí ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà ẹ máa béèrè èyí tí wọ́n lò. Bí a bá di 1,200 mú, ETC, Estimate to Complete, jẹ́ 720, ìyẹn owó tí a ṣì máa ná láti òní lọ. VAC, Variance at Completion, jẹ́ −200. TCPI, To-Complete Performance Index, ni CPI tí a gbọ́dọ̀ ní láti òní lọ kí owó tí a yà sọ́tọ̀ tó lè tó: iṣẹ́ 600 ló kù, owó 520 ló kù, 1.15 sì nìyẹn. Ẹni tó ti ń gba 0.83 láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún wá, tó sì ṣèlérí 1.15 lọ́jọ́ iwájú, ó yẹ kó sọ ohun tí yóò yí padà fún wa.

Ẹ tún ṣọ́ra fún SPI bí iṣẹ́ bá ti ń lọ sí ìparí. Ká ní a kun yàrá kẹwàá ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, EV yóò di 1,000, PV náà yóò jẹ́ 1,000, SPI yóò sì di 1 géérégé, bí ẹni pé a kò pẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ a ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà, ètò àkókò gan-an ni kí ẹ máa wò.

Nínú ìwé àtijọ́, ẹ lè rí BCWS, BCWP àti ACWP. PV, EV àti AC náà ni wọ́n, ní bí wọ́n ṣe tò yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí PV yìí dà pọ̀ mọ́ ti àwọn onímọ̀ ìṣúná, tí í ṣe Present Value, tó wà nínú NPV, Net Present Value.

Ewu, àyípadà àti dídára iṣẹ́

RAID ni ìwé tí a ń kọ ohun mẹ́rin sí: Risks, ewu tí kò tíì ṣẹlẹ̀, Assumptions, ohun tí a gbà bẹ́ẹ̀ láìtíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, Issues, wàhálà tó ti dé, Dependencies, ohun tí à ń dúró dè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ibòmíràn máa ń fi Actions sí ipò A àti Decisions sí ipò D, nítorí náà ẹ wo orí ìwé náà kí ẹ tó kọ nǹkan sí i. RAG ni Red, Amber, Green: pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé. Kò ní ìtumọ̀ kankan bí ikọ̀ kò bá ti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tó ń sọ iṣẹ́ di pupa. CR, Change Request, ni ìwé tí a fi ń tọrọ àyípadà, CCB, Change Control Board, sì ni ìgbìmọ̀ tó ń gbà á tàbí tó ń kọ̀ ọ́.

QA àti QC kì í ṣe ìbejì. QA, Quality Assurance, ń wo ọ̀nà tí a gbà ṣiṣẹ́. QC, Quality Control, ń wo ohun tó jáde láti inú iṣẹ́ náà. UAT, User Acceptance Testing, sì jẹ́ ti àwọn tí yóò lo ohun náà fúnra wọn.

Àwọn tó ń lo Agile, ìyẹn ọ̀nà ìṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí Scrum jẹ́ ọ̀kan lára rẹ̀, ní díẹ̀ tiwọn: MVP, Minimum Viable Product, ohun tó kéré jù tí ènìyàn lè lò kí á fi kọ́gbọ́n, WIP, Work in Progress, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ tí kò tíì parí, DoD, Definition of Done, àdéhùn lórí ohun tí “ó ti parí” túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n Agile, Scrum, Kanban àti Gantt kì í ṣe ìkékúrú, ẹ má sì kọ wọ́n ní lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni Gantt, Henry Gantt. Èdè Japan ni Kanban ti wá. Scrum sì wá láti inú eré ìdárayá rugby.

Ti ọjà rírà kò gba àlàyé púpọ̀. RFI, Request for Information, ń béèrè ìsọfúnni, RFQ, Request for Quotation, ń béèrè iye owó, RFP, Request for Proposal, ń béèrè bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ yóò ṣe ṣe é àti iye tí yóò gbà. Nínú àdéhùn, FFP, Firm Fixed Price, túmọ̀ sí pé iye owó kò ní yí padà, agbaṣẹ́ṣe ni yóò sì ru ewu àpọ̀jù ìnáwó; T&M, Time and Materials, túmọ̀ sí pé a ó san owó àkókò àti ohun èlò, ewu náà sì ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó gbé iṣẹ́ náà jáde.

Àwọn lẹ́tà tí ẹ ń rí lẹ́yìn orúkọ ènìyàn jẹ́ ti ìwé ẹ̀rí. PMI, Project Management Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, ló ń fúnni ní PMP, Project Management Professional, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, àti CAPM, Certified Associate in Project Management, fún àwọn tí kò tíì ní ìrírí púpọ̀. PRINCE2, ìlànà kan fún àbójútó iṣẹ́ àkànṣe tó ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní 1996; PRojects IN Controlled Environments ni a ké kúrú bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ wọ́n fún ẹlòmíràn

Nínú ìwé yòówù tí ẹ bá kọ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún nígbà àkọ́kọ́, kí ìkékúrú rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ tó máa lo ìkékúrú nìkan. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá ní fara hàn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ má ké e kúrú. Ẹ ní ojú ìwé kan tí ikọ̀ ń tọ́jú àwọn ìkékúrú rẹ̀ sí, kí ìkékúrú kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀: bí PO bá jẹ́ product owner, kí ẹ máa kọ purchase order ní kíkún. Nínú ìpàdé, ẹ má tijú láti béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé bí ẹnì kan bá béèrè, ẹni mẹ́ta mìíràn á gbé gègé wọn, wọ́n á kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú ìjábọ̀ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni pé ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà ni yóò kà á. Ìlà tí a fi bẹ̀rẹ̀ yóò wá rí báyìí: “Nínú iṣẹ́ tó yẹ kí á ti ṣe di òní, 80% ni a ti ṣe. Nínú gbogbo 100 tí a ná, iṣẹ́ tó tó 83 ni a rí. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, 1,200 ni yóò ná wa dípò 1,000. Iṣẹ́ náà kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ fojú sí i. A ti kọ̀wé láti tọrọ àyípadà, ìgbìmọ̀ tó ń gbà á kò sì tíì dá wa lóhùn.”